Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ Kò Gòkè Rí

Ní ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òkè tó wà nítòsí ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú kan ní àárín ilẹ̀ Benin, pẹpẹ òkúta kan wà tí ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì, tí kò sì nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ó ti gbéra kúrò lára àpáta tó bí i, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì gba ọwọ́ ènìyàn dé ìgbọ̀nwọ́. Ní ọ̀sán gangan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí mo bá ti fi igi yẹ inú ibẹ̀ wò nítorí àkeekèé, mo máa ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí pé ojú òkúta náà á ti gbóná bí agbada àkàrà nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù bí ìdí àmù. Bí a bá sì fi òkúta kékeré kàn án, kì í dún bí ohun tó ti di ara ilẹ̀. Ó máa ń dún bí akèǹgbè òfìfo.

Ìdí pẹpẹ yìí ni mo jókòó sí ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá nígbà tí Ìyá kan ládùúgbò wa, ẹni tó ti ń fọ́ òkúta tà láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí náà ó bi mí ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, àwọn àgbà tó bí wa sọ fún wa pé òkúta ń dàgbà bí igi. Ṣé òkè yìí ṣì ń ga ni?” Mo dá a lóhùn pé, “Rárá o, Ìyá. Òkè yìí kò gòkè rí. Ilẹ̀ tó yí i ká ló ń wálẹ̀.” Ó wò mí títí, ó ní òun á fẹ́ gbọ́ àlàyé ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ tí oòrùn kò bá mú báyìí. Mo ti ṣe àlàyé náà fún un. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú àfikún tí àyè kò gbà mí láti sọ ní ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá ti Kútọnu gba ọ̀nà Parakou wá máa mọ ohun tí mo ń wí. Láti Ìdáàṣà ni àwọn òkè ti ń yọjú, bí ẹni náà bá sì kọjá Glazoué tó dé ọ̀dọ̀ wa, á rí i pé ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, pẹ̀lú oko iṣu, oko àgbàdo àti igi kaṣú, títí tí àpáta ńláńlá yóò fi ṣàdédé dìde láàárín rẹ̀, tí orí wọn rí roboto, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì ga ṣánṣán. Àwọn baba ńlá wa sá gun orí wọn nígbà tí ogun Dàhòmì ń jà wọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí pé ẹni tó bá wà lókè rí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Onímọ̀ ilẹ̀ kan tó jẹ́ ará Jámánì, Wilhelm Bornhardt, rí irú òkè bẹ́ẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní 1900 ó sì sọ wọ́n ní Inselberg, èyí tó túmọ̀ sí òkè erékùṣù ní èdè rẹ̀. Orúkọ náà bá wọn mu gan-an, nítorí pé bí erékùṣù ṣe ń yọrí láàárín omi ni wọ́n ṣe yọrí láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀. Gbogbo ayé ló ń lo orúkọ náà báyìí.

Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò sí koríko lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹranko kankan tó ń rìn lórí rẹ̀. Ilẹ̀ méjì tó ti gbó gan-an ló dojú kọ ara wọn nígbà náà, òkun sì wà láàárín wọn. Èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ni ìpìlẹ̀ tí Ivory Coast àti ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ Ghana jókòó lé lórí di òní. Èyí tó wà ní ìlà-oòrùn ni ìpìlẹ̀ tó gbé àárín Benin àti ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà. Awọ ayé kì í dúró sójú kan. Ó pín sí abala ńláńlá tí ń rìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, bí wọ́n sì ṣe ń rìn bọ̀ ni òkun àárín wọn ń dín kù, títí tí omi fi tán, tí ilẹ̀ méjèèjì sì forí gbárí. Àpá ìforígbárí náà kò tíì parẹ́. Ọ̀wọ́ òkè tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá òkun ní Ghana, tó la Togo kọjá, tó sì wọ àríwá ìwọ̀-oòrùn Benin níbi tí a ti ń pè é ní Atakora, àpá náà ni.

Ní apá ti ọ̀dọ̀ wa, ooru abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ débi pé òkúta yọ́. Òkúta tó bá yọ́ máa ń fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, nítorí náà ó ń wá ọ̀nà sókè, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà dé ìta. Ìyẹn nìkan ni ìgòkè tí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe láyé rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ti ṣe é, nígbà tí kò tíì di òkè. Ó dúró nígbà tí ọ̀pọ̀ kìlómítà òkúta ṣì bò ó mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù láti inú ooru tó tó bíi 700 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì.

Bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó tutù hàn lára rẹ̀ di òní. Bí a bá wo etí pẹpẹ òkúta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tó ti ṣẹ́, a ó rí i pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni òkúta náà. Àwọn ẹyọ kan wà níbẹ̀ tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ojú wọn tẹ́jú tó ń kọ oòrùn bí dígí kékeré: fẹ́lísípà nìyẹn. Àwọn mìíràn dà bí ègé ìgò tó ti ṣú díẹ̀, wọn kò ní ojú tó tẹ́jú, wọ́n sì le ju irin ọ̀bẹ lọ: kúọ́ọ̀tìsì ni wọ́n. Èyí tó dúdú, tó pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, tí èékánná lè ṣí ní ewé kọ̀ọ̀kan, máíkà ni. Ojú lásán ni a fi ń rí gbogbo wọn, nítorí pé wọ́n ní àsìkò láti tóbi. Bí a bá fi omi iyọ̀ sílẹ̀ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀, ẹyọ iyọ̀ rẹ̀ máa ń tóbi. Bí a bá fi iná kò ó lójú, á kúnná. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta. Òkè Kamẹrúùnù, tó yọ iná ní 1999 àti ní 2000, da òkúta yíyọ́ sí gbangba, afẹ́fẹ́ sì mú un tutù kíákíá. Ìdí nìyí tí òkúta tibẹ̀ fi dúdú, tí ẹyọ inú rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Akọ òkúta tiwa, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní gíránáìtì, kò rí afẹ́fẹ́ rárá nígbà tó ń dì.

Báwo ló ṣe wá dé ìta? Ohun tó bò ó ló lọ. Òjò, odò, afẹ́fẹ́ àti oòrùn ni wọ́n kó o lọ, wọn kò sì kánjú. Bí wọ́n bá ń há sẹ̀ǹtímítà méjì péré kúrò lórí ilẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún, èyí tó tó ìwọ̀n ìka kan tí ẹnikẹ́ni kò lè kíyè sí láti ìran dé ìran, ìyẹn jẹ́ 20 mítà ní mílíọ̀nù ọdún kan, ó sì jẹ́ kìlómítà 12 ní 600 mílíọ̀nù ọdún. Ọgbàrá kì í fi ìwọ̀n kan náà jẹ ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó máa ń yára ní sáà kan, ó sì máa ń fà ní sáà mìíràn; ṣùgbọ́n ìṣirò yìí tó láti fi hàn pé kò pọn dandan kí àjálù kankan ṣẹlẹ̀ kí òkè ńlá tó parẹ́. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí ju gbogbo èyí tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn fi ṣọ́ọ̀kì ṣe é lórí pátákó, nítorí pé ojú wọn máa ń yí padà nígbà tí nọ́ńbà 12 bá jáde.

Ìbéèrè tó kù ni pé, bí ọgbàrá bá ń há gbogbo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó há pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ó sì dá òkè sí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àwọn ojú ìlà tó la òkúta. Nígbà tí akọ òkúta tutù, tí ilẹ̀ sì tún ń tì í láti ìhà gbogbo, ó là ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kò là bákan náà níbi gbogbo. Níbi tí ìlà pọ̀ sí, omi òjò ráyè wọlé. Omi òjò kì í ṣe omi lásán. Ó ti gba afẹ́fẹ́ kan mọ́ra lójú ọ̀run, ó tún gba púpọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ kan náà láti inú ilẹ̀ tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà, ìyẹn sì sọ ọ́ di omi tó kan díẹ̀díẹ̀. Omi kíkan yìí ló ń jẹ fẹ́lísípà, tó ń sọ ọ́ di amọ̀, títí tí òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ fi máa ń rà bí iṣu tó ti bàjẹ́. Níbi tí ìlà kò pọ̀ sí, omi kò ráyè wọlé, òkúta ibẹ̀ sì wà digbí. Lẹ́yìn náà ni ọgbàrá wá kó èyí tó ti rà lọ, tí ó sì fi èyí tó le sílẹ̀. Ìyá lóye rẹ̀ kíákíá nígbà tí mo fi ògì sísẹ́ ṣe àpẹẹrẹ fún un: omi kan náà la dà lé gbogbo rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n èyí tó kúnná ló bá omi lọ, èèrí ló kù sórí asẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ náà lójú kí ó lọ wo etí ọ̀nà tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tàbí kí ó wo inú kànga tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́. Á rí yangí pupa lókè, á rí amọ̀ alábàwọ́n lábẹ́ rẹ̀, á sì wá rí òkúta tó ti rà tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ lè fọ́ ọ, síbẹ̀ tí gbogbo ẹyọ rẹ̀ ṣì tò síbi tí wọ́n wà nígbà tó le. Láàárín rẹ̀ ni àwọn òkúta roboto tó le koko máa ń wà bí ọmọ inú oyún. Bí òjò ọ̀pọ̀ ọdún bá kó amọ̀ wọn lọ, àwọn náà á di òkúta tó jókòó lórí ilẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa béèrè ta ló yí wọn dé ibẹ̀.

Wàyí o, mo padà sídìí pẹpẹ òkúta. Òkúta tó ti ru ọ̀pọ̀ kìlómítà ẹrù kò lè wà bó ṣe wà nígbà tí wọ́n bá sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún un. Bí tìmùtìmù ṣe ń wú padà nígbà tí ẹni tó jókòó lé e bá dìde, bẹ́ẹ̀ ni akọ òkúta ń wú, àmọ́ nítorí pé kò rọ̀, lílà ló ń là. Ìlà náà máa ń tẹ̀ lé ojú òkè, ó máa ń yí i po, ìpele lórí ìpele, títí tí òkè á fi dà bí àlùbọ́sà tí a fẹ́ bó. Ìdí nìyí tí orí àwọn òkè wa fi rí roboto. Igun tó bá yọ jáde ni ó máa ń kọ́kọ́ bó kúrò.

Ojú ọjọ́ ń kún un lọ́wọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀sán máa ń mú hanhan, òru sì máa ń tutù débi pé a ń wá aṣọ ìbora. Òkúta kì í gbé ooru wọlé kíákíá, nítorí náà ojú rẹ̀ á ti gbóná, á ti fẹ̀, kí inú rẹ̀ tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Fífẹ̀ àti sísúnkì yìí, lójoojúmọ́, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ló ń mú kí ojú òkúta jọ̀wọ́ inú rẹ̀. Iná ìgbẹ́ tí a ń dá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe irú rẹ̀ kan náà ní kíákíá. Lẹ́yìn tí iná bá kọjá, a máa ń rí èèpá òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, tí inú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

Ohun tí oòrùn ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣe, Ìyá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe é ní òru ọjọ́ kan. Mo ti bá wọn lọ. Wọ́n máa ń to igi gbígbẹ àti táyà àtijọ́ sórí àpáta ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó jó di òwúrọ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Ìyá á gbé òòlù, á máa kàn án ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á sì dẹ etí. Ibi tó bá dún kíkankíkan, ó fò ó. Ibi tó bá dún bí akèǹgbè, ibẹ̀ ló ń ti ọ̀pá irin bọ̀, ìpele òkúta kan á sì gbéra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ pa, tí wọ́n á máa fọ́ ọ di wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń po kọnkéré, títí tí ọkọ̀ akẹ́rù á fi dé. Kò sí ìwé tí Ìyá kà, àmọ́ ó mọ ìyàtọ̀ láàárín òkúta tó ti là nínú àti èyí tí kò tíì là, ìmọ̀ náà kò sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ wá. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni eruku. Kúọ́ọ̀tìsì kì í jẹrà. Bí eruku rẹ̀ bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa ń wà, tó máa ń dá àpá tí kì í jinná síbẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo sì tún ń bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n máa bu omi wọ́n òkúta kí wọ́n tó fọ́ ọ, kí wọ́n máa kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì má ṣe gbé ọmọ ọwọ́ jókòó síbẹ̀.

Nínú àdúrà wa, a máa ń pe òkúta ní ọta àìkú. Mo ń ṣe àmín sí àdúrà náà bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n akọ òkúta ń kú ní tòótọ́, òkú rẹ̀ la sì fi ń gbé ìgbésí ayé wa. Fẹ́lísípà rẹ̀ ló di amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò àti àmù. Irin tó wà nínú máíkà dúdú rẹ̀ ló dípẹtà, tó sì wà lára ohun tó sọ ilẹ̀ oko wa di pupa. Kúọ́ọ̀tìsì nìkan ni omi kò lè jẹ, òun ló sì di iyanrìn. Ẹni tó bá fi ọlọ tí wọ́n gé lára akọ òkúta lọ ata sínú ìkòkò amọ̀, tó sì gbé ìkòkò náà kalẹ̀ lórí iyanrìn, òkúta kan náà ló ń lò lọ́nà mẹ́ta.

Àpáta tó wà níhòòhò kì í mu omi. Ọ̀dọ̀ wa máa ń rí òjò tó tó bíi 1,100 mìlímítà lọ́dún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń rọ̀ láàárín oṣù Igbe sí oṣù Ọ̀wàrà. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sórí oko, ilẹ̀ á kọ́kọ́ mu tirẹ̀. Bí ó bá rọ̀ sórí òkè, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ òkè sì máa ń di odò. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ pé kó wo ilẹ̀ náà nígbà òjò kó tó ra á. Kó tún gbé ojú sókè, kó wo ohun tó wà lórí òkè. Òkúta tó bá ti gbéra lára ìyá rẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí òjò wá fọ amọ̀ tó gbé e ró lọ, kí gbòǹgbò igi wá fẹ ìlà rẹ̀ sí i, kí ó sì yí wálẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fura. Bí òkúta ńláńlá bá ti wà nílẹ̀ níbi tí ẹni náà fẹ́ kọ́lé sí, kó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Ọ̀rọ̀ kànga náà kò yàtọ̀. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) létí òkun, iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ ní ìpele-ìpele ni ilẹ̀ jẹ́, omi sì wà láàárín ẹyọ iyanrìn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, inú ìlà tó la òkúta àti inú èyí tó ti rà lórí rẹ̀ nìkan ni omi ti lè fara pamọ́. Wọ́n lè gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ kan kí wọ́n má bá omi, kí wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́ ní àádọ́ta mítà kí omi sì tú jáde. Wọ́n á ní orí ẹni tó ni ín ló dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ihò èkejì bá ojú ìlà pàdé.

Àwọn ènìyàn tún máa ń bi mí bóyá ilẹ̀ lè mì ní ọ̀dọ̀ wa. Ibi tí abala awọ ayé ti ń fi ara họ ara wọn ni ìmìtìtì ilẹ̀ ti pọ̀ jù, ibi bẹ́ẹ̀ sì jìnnà sí wa. Síbẹ̀ ilẹ̀ ogbó ní àpá, àpá náà sì lè dun ún nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Òkúdù 1939, ilẹ̀ mì ní Accra pẹ̀lú agbára tó tó bíi 6.5 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀, ilé wó, ẹ̀mí sì lọ. Accra sì wà níbi tí ọ̀wọ́ òkè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti pàdé òkun. Ìlà ńlá kan wà ní Benin pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi orúkọ Kandi pè, tó gba àríwá wá sí gúúsù. Kò dúró ní etí òkun. Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo títí di nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì rí ìyókù ìlà náà ní Ceará ní Brazil, nítòsí ìlú Sobral. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n dè ní ẹ̀wọ̀n kọjá òkun lọ sí Brazil, tí àwọn ọmọ wọn kan sì padà wá di Àgùdà ní Àjàṣẹ́, orí òkúta tó jẹ́ ọmọ ìyá òkúta ilé ni wọ́n lọ tẹ ẹsẹ̀ lé.

Ṣábẹ̀ẹ́ ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́, ọ̀kan nínú mẹ́fà tó tóbi jù ní Benin. Ní oṣù Òkúdù àti Agẹmọ 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Áfíríkà kó ẹ̀rọ wá sí ọ̀dọ̀ wa, wọ́n kó irú rẹ̀ lọ sí Kumasi àti Ilé-Ifẹ̀, nítorí ìkùukùu tó máa ń dé lóru ìgbà òjò, tó sì máa ń bo orí òkè di ìyálẹ̀ta. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tútù láti etí òkun ló máa ń gòkè wá ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń mú kí ọ̀rinrin inú òfuurufú di ìkùukùu. Inú mi dùn pé ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ láti ojú fèrèsé wa tó ohun tí ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò.

Gbogbo omi tó bá yọ̀ kúrò lórí òkè wa ń wá odò Ouémé lọ, bóyá tààrà, bóyá nípasẹ̀ odò Ọ̀pàrà tó wà ní ìlà-oòrùn. Ouémé gùn tó kìlómítà 510, orí afárá tó wà nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń wọn bí omi rẹ̀ ṣe ga tó. Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, nítorí pé òjò tó rọ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù Ògún àti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ lè wọ ilé àwọn ará Bonou àti àwọn abúlé tó wà lẹ́nu odò ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run tiwọn mọ́ kedere. Ní 2010, omíyalé bo kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) 55 nínú 77 tó wà ní Benin, ó sì kan ènìyàn tó tó 680,000.

Omi nìkan kọ́ ló ń lọ. Lẹ́yìn tí mo ti ṣe àlàyé náà fún Ìyá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́, mo sì rí àwọn tó ń kó iyanrìn láti inú ọkọ̀ ojú omi sí etí ọ̀sà. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo tẹ́ ẹ sórí ìwé funfun. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ kúọ́ọ̀tìsì, tó dà bí ègé ìgò tó ti ṣú, tí odò ti jẹ igun rẹ̀ kúrò. Fẹ́lísípà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, nítorí pé ó ti di amọ̀ lójú ọ̀nà. Mo di díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo gbé e wálé fún Ìyá. Ó dà á sórí pẹpẹ òkúta náà, ó fi ìka tú u ká, ó sì fi wé ẹyọ tó wà ní etí ibi tó ti ṣẹ́. Ó bi mí pé iye ọdún wo ni ó fi rìn dé Àjàṣẹ́, mo ní kí ó máa ka ìran kì í ṣe ọdún. A fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Òjò rọ̀ ní òru ọjọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ojú pẹpẹ náà ti mọ́ tónítóní.